Iná Tó Tó Fi Kàwé

Nígbà tí ojú awakọ̀ ojú irin kan fọ́ tán, kò sunkún, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó ń dùn ún ni pé ìwé tó ń kà kò tíì parí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló mú un wá sílé ara rẹ̀.

Aránṣọ yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìwé. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwé, ohun tó ń kà kò ju ìwọ̀n àyà àti ìwọ̀n ìbàdí àwọn oníbàárà lọ. Síbẹ̀, ó gbé ìwé náà, tó nípọn bíi bíríkì, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó fẹ́ fẹsẹ̀ rin etí òkun láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, tí ó bá ti da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, wọ́n á ka ojú ìwé mẹ́rin, márùn-ún.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tètè ṣú. Gílóòbù àjà ni wọ́n ń tàn, àwọn lẹ́tà sì ń ṣe bàìbàì lójú aránṣọ. Lọ́jọ́ kan, ó kà á pé ọkùnrin náà fi òkun so ọkọ̀ ojú omi mọ́ igi.

"Fi kí ni?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Òkun."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ta òkun ní kókó?"

Aránṣọ tún wò ó. Okùn ni wọ́n kọ. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Jẹ́ á fi ìwé yìí sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Àtàárọ̀ lo ti ń ránṣọ. Ojú tèmi ti lọ, mi ò fẹ́ kí tìẹ náà lọ."

"Bọ̀ọ̀dá mi, oníṣègùn ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ mí wò ni. Ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Iná ni kò tó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀ fún mi."

Lọ́jọ́ kejì ó ra gílóòbù ńlá sí àjà. Yàrá mọ́lẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n bó ṣe tẹrí ba sórí ìwé ni òjìji orí ara rẹ̀ bo gbogbo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kà. Ó sún síwájú, ó sún sẹ́yìn, pàbó ló já sí.

Ó ki ìwé bọ abíyá, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta iná orí tábìlì. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n tan ọ̀kan, kí wọ́n sì pa gbogbo iná yòókù.

"Mọ́mì, tí mo bá paná, àwọn èèyàn á rò pé a ti tilẹ̀kùn," ni obìnrin tó ń tajà sọ.

"Ìṣẹ́jú kan péré ni, ọmọ mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa láàárín ogún?"

Obìnrin náà paná. Iná kìíní ń gún un lójú bí abẹ́rẹ́. Èkejì ní ìbòrí olódòdó tó rẹwà, àmọ́ bí òṣùpá abẹ́ ìkùukùu ló ṣe ń tàn. Ẹ̀kẹta funfun débi pé kó tó ka ìdajì ojú ìwé, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé iná lẹ wá rà àbí ìwé lẹ wá kà?"

"Àwọn méjèèjì ni."

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló dé lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó fi máa dé ìkẹrin, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Paná-Ká-Wò-Ó. Kò bínú. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Nígbà tó ń darí bọ̀, ó rí oníṣẹ́ aago kan, ẹni tó ń tún aago ọwọ́ ṣe, tó tẹrí ba sórí tábìlì rẹ̀. Irin tó ṣeé tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún ni ọrùn iná rẹ̀, páànù sì ni ìbòrí rẹ̀. Nǹkan tó mú lọ́wọ́ kò tó ọkà bàbà, síbẹ̀ kò fún ojú pọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kàwé díẹ̀ níbẹ̀."

Oníṣẹ́ aago wò ó, ó dìde fún un. Aránṣọ ka odindi ojú ìwé kan láì kọsẹ̀.

"Gílóòbù kékeré ló wà níbẹ̀, mà," ni oníṣẹ́ aago wí. "Ibi tó ti ń wá ló ṣe pàtàkì. Ó sún mọ́ iṣẹ́, ìbòrí ò jẹ́ kó kàn mí lójú, ọwọ́ òsì ló sì ti ń wá, kí ọwọ́ ọ̀tún mi má baà ṣíji bò ó."

"Ṣé ẹ lè tà á fún mi?"

"Rárá o, mà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fún mi."

Aránṣọ kò bẹ̀ ẹ́. Ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó wọn gígùn ọrùn iná, ó wọn ẹnu ìbòrí, ó wọn bó ṣe ga sí tábìlì. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí, lábẹ́ ìwọ̀n bùláòsì ìyàwó olùkọ́ kan.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi páànù ṣe àrọ ló gbé ìwọ̀n náà lọ, pé kó bá òun ṣe irú rẹ̀. Ìbòrí àkọ́kọ́ fẹjú jù, ó dá a padà. Èkejì, ìtẹ̀sí rẹ̀ kò dọ́gba, ó tún dá a padà.

"Ìyá, iná lásán mà ni," ni oníṣẹ́ páànù wí.

"Tí mo bá rán apá kan aṣọ yín gùn ju èkejì lọ, ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́?"

Ó tún un ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ Satidé, ó tan iná náà lápá òsì àga rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ dà sórí ìwé nìkan. Ojú ìwé mọ́kànlá ni wọ́n kà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bi í bóyá iná náà dára. Ó gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin inú ìwé ti ń sún mọ́ ìpẹ̀kun ìrìn rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, awakọ̀ ojú irin ń jáde bọ̀ láti balùwẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ògiri. Ó gbọ́ tí ewé ìwé ń ṣí. Ó dúró.

"Ṣé o ti ń kà á lọ láì dúró dè mí ni?"

Aránṣọ ní, "Ojú ìwé méjì péré ni, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Padà sẹ́yìn," ló wí, ó sì wá àga rẹ̀ lọ.

Aránṣọ ṣí ojú ìwé méjèèjì padà.