Ohun Tí Jolán Yà Sínú Eruku

Télọ̀ ni mí. Mi ò mọ ìṣirò ju èyí tí mo fi ń wọn aṣọ lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni gbogbo ayé àbúrò mi, Ödön Verebes, òun ló sì mú un pàdé Jolán ní yunifásítì ìlú wa, Szeged. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú ọmọbìnrin náà wálé, ìyá wa gbé ọbẹ̀ ẹja síwájú wọn. Ọbẹ̀ tutù pátápátá níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ìṣirò tí wọ́n kọ sórí bébà tí wọ́n fi wé búrẹ́dì.

Mo ní, "Ödön, ṣé ẹni tó o fẹ́ fẹ́ nìyí, àbí ẹni tó o fẹ́ bá jà?"

Jolán ló dá mi lóhùn. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó gbà pé mo borí òun ná. Ìgbéyàwó á wá tẹ̀ lé e."

Wọ́n fẹ́ra. Nígbà náà, òfin ò gbà kí àwa Júù ṣiṣẹ́ ní yunifásítì mọ́, nítorí náà Ödön ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé Júù. Bó bá ti dé nírọ̀lẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó ẹ̀ ń bá wọ̀yá ìjà: ó jẹ mọ́ àwọn àmì téèyàn tò sórí bébà àti àwọn ìlà tó so wọ́n pọ̀. Ọdún mẹ́ta, wọn ò rí ojútùú ẹ̀.

Lọ́dún 1942, ìjọba kó Ödön lọ sẹ́nu iṣẹ́ àfipáṣe lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun ní Ukraine. Jolán fi ìṣirò ránṣẹ́ sí i lórí káàdì. Ọ̀gá sójà kan rí i, ó ní àṣírí ogun ni, ó sì mú Ödön dúró nínú yìnyín títí ilẹ̀ fi ṣú. Látìgbà náà, Jolán ò kọ nọ́ńbà sí i mọ́. Káàdì tó dé ọwọ́ Ödön kẹ́yìn ò ju ìlà méjì lọ: "Mo ti rí ọ̀nà ẹ̀, ó sì rọrùn. Bó o bá dé, màá sọ fún ẹ."

Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, wọ́n kó àwa Júù ìlú wa lọ sí ilé iṣẹ́ bíríkì, wọ́n sì tibẹ̀ kó wa sínú ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ tèmi lọ sí Austria. Èyí tó gbé Jolán àti ìyá wa lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí mo ti padà délé, Ödön náà dé, òtútù ti jẹ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rin dànù. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un pé Jolán àti ìyá wa ti kú, ó rí i lójú mi. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó béèrè.

"Àǹtí mi, ohun tí Jolán rí, ṣé ó sọ fún yín?"

"Rárá," ni mo wí.

Irọ́ ni mo pa. Ní ilé iṣẹ́ bíríkì, Jolán fi igi ya àwòrán ojútùú ẹ̀ sínú eruku ilẹ̀, ó ní kí n wá wò ó, kí n lè bá òun sọ fún Ödön bí òun ò bá dé. Iná orí ni mo ń yọ fún ìyá wa. Mo ní, "Jolán, fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre. Ta ló ń ro ìṣirò níbí?" Kò bínú. Ó fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́, ó sì wá bá mi di orí ìyá wa mú.

Ödön di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn iṣẹ́ mìíràn tó ṣe gbé orúkọ ẹ̀ dé òkèèrè, ṣùgbọ́n kò fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀, kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Lọ́dún 1961, ọ̀dọ́kùnrin kan láti ìlú mìíràn yanjú ẹ̀ nínú ọgọ́rin ojú ìwé. Ödön kà á tán, ó ní iṣẹ́ tó dáa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Jolán, torí Jolán ní tòun rọrùn.

Mi ò lè gbé e mọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

Ó dìde, ó mú fìlà ẹ̀, ó lọ. Oṣù mẹ́ta kò yà sọ́dọ̀ mi. Nígbà tó padà wá ní Sunday kan, kò tilẹ̀ bọ́ ẹ̀wù òtútù ẹ̀ kó tó jókòó.

"Aṣọ wo ni Jolán wọ̀ ní ilé iṣẹ́ bíríkì?"

"Èyí aláwọ̀ ewé, tí mo rán fún un."

"Ṣé ó ń jẹun?"

Mo sọ ohun tí mo rántí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń wá gbọ́ nípa ọ̀sẹ̀ tá a lò níbẹ̀, títí tí kò fi sí ohun tó kù fún mi láti sọ. Kò bi mí ní ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn rí. Ó kú ní ìgbà òtútù ọdún 1963.