Páásíwọ́ọ̀dù Ẹlẹ́ni Mẹ́ta

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún wa. Tó bá ti lù, ilé iṣẹ́ tó ń bá wa gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa yóò pa ẹ̀rọ wọn àtijọ́, ohunkóhun tí a kò bá tíì kó kúrò nínú rẹ̀ yóò sì pa rẹ́. Ohùn àwọn àgbà igba ó lé méjìlá ló wà níbẹ̀, àwọn tó mọ Múṣín nígbà tó ṣì jẹ́ oko. Ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Ohùn ìyá Alhaji Ṣàíbù, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ wa, wà lára wọn, kò sì sí ibòmíràn tí èèyàn ti lè gbọ́ ọ mọ́, nítorí omi tó wọ ilé ẹgbẹ́ wa ní Àgùdà ti ba gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi gbà wọ́n sílẹ̀ jẹ́.

Èmi Motọ́lání ni mò ń mójú tó wẹ́ẹ̀bùsáìtì yìí fún Ilé Àkójọ Ohùn Àgbà, ṣùgbọ́n n kò lè ṣí i. Kí n tó débẹ̀ rárá, ní ọdún méje sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ ti pín páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ní bí àwọn bàbá wọn ṣe ń ṣe àpótí ẹgbẹ́ nìyẹn: àgádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí ẹnì kan má baà dá ṣí i lẹ́yìn àwọn yòókù. Alága wa, Olóyè Ọlánípẹ̀kun, mọ apá kan. Akọ̀wé wa, Màmá Christianah, mọ apá kan. Alhaji Ṣàíbù, tó ti fi ogójì ọdún ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀, mọ apá kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ti ẹnì kejì. Ímeèlì tí a lè fi tọrọ páásíwọ́ọ̀dù mìíràn, akọ̀wé àkọ́kọ́ ló ni ín, ó sì ti lọ síbi tí kò ti ní dá wa lóhùn.

Ìpàdé aago mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá. A gba àdúrà Kristẹni, a gba ti Mùsùlùmí, Alága wá dìde, wọ́n kí gbogbo èrò káàbọ̀. Àwa mẹ́ta ni èrò. Nígbà tí wọ́n fi jókòó, aago kan àbọ̀ ti kọjá, kíkó ohùn wọ̀nyẹn nìkan yóò sì gbà tó wákàtí kan.

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni ẹ̀rọ máa gbà fún wa, sà," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ tẹ tiẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe páásíwọ́ọ̀dù yìí?"

"Bí a ṣe dé la ṣe tẹ̀ ẹ́," Màmá Christianah dáhùn. Wọ́n ṣí ìwé ìpàdé. "Òun rèé. Alhaji Ṣàíbù ló kọ́kọ́ dé."

"Ṣé ẹ rí i?" Alhaji ní. "Èmi kì í pẹ́."

A kọjú sí ògiri, Alhaji fi ìka kan tẹ tiwọn. Alága tẹ̀ lé wọn, Màmá ṣe ìkẹyìn. Kò ṣí. Alhaji tún ṣíwájú, Màmá tẹ̀ lé wọn, Alága ṣe ìkẹyìn. Kò ṣí.

"Báwo ló ṣe máa ṣí?" Alága bínú. "Ẹ fi Alága sẹ́yìn bí ọmọ ọ̀dọ̀!"

Alága wá ṣíwájú, Alhaji ṣe ìkejì, wọ́n ní lẹ́yìn Alága àwọn kò ní tẹ̀ lé ẹlòmíràn, Màmá kẹ́yìn. Kò ṣí.

"Ọjọ́ orí ni ká fi ṣe é," Màmá Christianah ní. "Mo fi oṣù mẹ́rin ju Alága lọ."

"Oṣù mẹ́ta ni!"

Màmá, Alhaji, Alága. Kò ṣí. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sí bébà. Alága ti ṣe ìkẹyìn, Màmá náà ti ṣe é. Ẹnì kan ló kù. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni n ó fi sọ fún àgbà pé òun ló kẹ́yìn, nígbà tí ìwé ìpàdé ní òun ló ṣíwájú?

Alága dábàá pé kí a kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n bá wa sún aago mẹ́rin síwájú. Wọ́n ń wá bébà tó ní orúkọ ẹgbẹ́ lórí nígbà tí mo lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaji.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, tó bá ṣí, ohùn ìyá yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kó. Orúkọ wo ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀?"

Alhaji wò mí. Wọ́n ṣí fìlà.

"Àmúdàtù," wọ́n ní. Wọ́n wá kọjú sí àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ dé."

"Ẹ pè mí lórí fóònù!" Màmá Christianah ní. "Ẹ ní ẹ ti wà lẹ́nu géètì. Ìyẹn ni mo ṣe kọ yín ṣáájú ara mi."

"Ládìpọ̀ ni mo wà. Mo ṣì ń bá oníbàárà ná ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́."

"Alhaji!" Alága pariwo. "Láti ọdún méje!"

"Ṣé ẹ̀yin kì í sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

Màmá Christianah pa ìwé ìpàdé dé.

"Nígbà tí mo wọlé," Alhaji ní, "Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lórí àga iwájú kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo tẹ̀ kẹ́yìn."

Màmá tẹ tiwọn, Alága tẹ̀ lé wọn, Alhaji kẹ́yìn. Ó ṣí. Aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Bí àwọn ohùn ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, Alága ti ń pe ọ̀rọ̀ fún akọ̀wé. "Ẹ kọ ọ́ pé, lábẹ́ ọgbọ́n Alága, ìgbìmọ̀ ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ti Ládìpọ̀ ńkọ́?" Màmá bèèrè.

"Kò bójú mu. Ẹ fò ó."

"Ẹ kọ ọ́," Alhaji ní. "Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo pẹ́. Ẹni tó bá tún fẹ́ ṣí i lẹ́yìn wa kò gbọdọ̀ jìyà irọ́ mi."

Wọ́n fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ti tan ohùn ìyá wọn, ó ń ka orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé sí àdúgbò wọn, ó ń sinmi láàárín orúkọ kan sí èkejì. Ó dé ibì kan, ó gbàgbé. Alhaji bá a dárúkọ ẹni náà.