Orúnkún Ìbídùnńní àti Ìyá Àgbà inú Àwo

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ èyí fún mi ni Ìbídùnńní, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé ní Ṣakí. A jókòó, a ń bó ẹ̀gúsí, ó ní, “Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.” A ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán.

Nínú àlá náà, ó ti àwo géèmù kan bọ inú ẹ̀rọ. Géèmù àtijọ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́ pé fídíò èèyàn gidi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà. Ẹni tó ń fi í ṣeré yóò máa wò ó títí, títí èèyàn inú fídíò náà yóò fi dúró, tí yóò máa retí kó tẹ bọ́tìnì. Bí kò bá tètè tẹ̀ ẹ́, ó parí nìyẹn.

Fídíò náà ṣú bí ìgbà tí a bá ń wo ìta láti inú àwọ̀n ẹ̀fọn. Síbẹ̀, Ìbídùnńní dá ẹni tó yọ síbẹ̀ mọ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ni, tó tọ́ ọ dàgbà, tó kú nígbà tí Ìbídùnńní wà ní Kánò, tí kò rí i kí pé ó dìgbóṣe. Ìyá àgbà gbé agbọ̀n adìẹ sórí, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn pupa kan.

“Ìbídùn, ṣílẹ̀kùn fún mi. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ, wọ́n ti ń retí mi.”

Ìbídùnńní kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú àtijọ́. Ṣé àlàáfíà ni?” Kò tíì kí i tán tí ilẹ̀ fi lanu, tí ìyá àgbà já sínú kànga tòun ti adìẹ.

“Ó ku ẹ̀mí méjì,” ni páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wí. “Ìka rẹ ni mo fẹ́, ìyàwó, kì í ṣe orúnkún.”

“Ṣé kí n wá dúró gbagidi kí n máa wo ojú ìyá mi?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí o tẹ̀ mí.”

Ìyá àgbà tún yọ, gèlè rẹ̀ kò yẹ̀. Ìbídùnńní ti pinnu pé òun ò ní kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Kànga tún gbé ìyá àgbà mì. Ó wá ku ẹ̀mí kan ṣoṣo. Bí ìyẹn bá lọ, wọn yóò ti àwo náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì ní rí ìyá àgbà mọ́.

Ọ́fíìsì ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn àwo wà lókè ṣọ́ọ̀bù, ó ń léfòó, wọ́n fi okùn ìsáṣọ so ó mọ́ igi máńgòrò. Ìbídùnńní fà á wálẹ̀ bí ẹni ń fa omi, ó wọlé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àkókò kún un, kí n lè kí ìyá mi tán kí n tó tẹ bọ́tìnì.”

“Kọ ọ́ sínú ìwé,” ni ọ̀gá wí, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

Ó kọ ọ́. Ọ̀gá kà á dé ìlà kejì, ó sì jẹ ẹ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn, ìwo ti yọ lórí rẹ̀. Ó ti di ewúrẹ́. Kò ya Ìbídùnńní lẹ́nu. Ó ti rí ọ̀gá tó jẹ ìwé èèyàn rí.

Èyí tó kù nínú ìwé náà já bọ́. Ewúrẹ́ fi orúnkún iwájú kúnlẹ̀ kó lè jẹ ẹ́, orúnkún rẹ̀ tẹ bọ́tìnì agogo kan tó wà nílẹ̀, agogo sì dún.

“Áà,” ni Ìbídùnńní wí. Ó sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé páàdì sílẹ̀.

“Má fi gbogbo ara wá o,” ni páàdì bẹ̀ ẹ́.

Ìyá àgbà yọ. Ìbídùnńní kúnlẹ̀ lé bọ́tìnì lórí. “Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú àtijọ́. Ó dìgbóṣe, mà.” Ilẹ̀kùn pupa ṣí gbayawu.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí àwọn adìẹ fi bá a rín in. “O mà mọ èèyàn kí. Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ẹ̀yin náà ni, mà.”

Ìyá àgbà wọlé lọ.

Ìbídùnńní jí lórí ẹní ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Páàdì wà lábẹ́ orúnkún rẹ̀, ojú bọ́tìnì mẹ́rin sì ti hàn sí i lára. Ewúrẹ́ aládùúgbò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ń jẹ ìwé tó wà nínú páálí àwo. Ìbídùnńní na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀, ó tún dá ọwọ́ dúró.

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá,” ló wí.

Ewúrẹ́ gbé èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀ mì, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò bojú wẹ̀yìn.