Ìrìnàjò Oṣù Kan Tí Kò Wọ Ìlú Kankan

Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí awakọ̀ tírélà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ti ń jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, tí máàpù wà gbayawu níwájú rẹ̀, tí kò sì mọ ibi tí yóò ti mú un. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Orúnkún ọ̀tún, tó fi ọgbọ̀n ọdún tẹ bíréèkì, ń ta á. Ká ní tiẹ̀ ni, ì bá nà gbọọrọ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè ọ̀nà mọ́ láyé. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ti gba ìsinmi oṣù kan gbáko ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn tó ti ń lọ aṣọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó sì ti ròyìn fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ pé ọkọ òun ń gbé òun rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀: ìlú mẹ́jọ, ọgbà ẹranko ìjọba mẹ́ta.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀nà," ni ìyàwó wí. "Ẹ to ìrìn náà, èmi á di ẹrù."

Ẹni tó mọ̀nà náà rèé tí òógùn ń bò. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ ni pé ọkọ òun kò rí inú ìkankan nínú àwọn ìlú wọ̀nyẹn rí. Wọn kì í jẹ́ kí tírélà wọ àárín ìlú. Ẹ̀yìn ìlú ni ilé ìkẹ́rùsí wà. Ibẹ̀ lèèyàn á ti já ẹrù, á sùn sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́sàn-án tí òfin sọ, á sì ṣẹ́rí padà. Ti ọgbà ẹranko tilẹ̀ burú jù. Pátákó tí wọ́n ya erin sí ló rí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, eré ló sì ń sá kọjá.

Ṣùgbọ́n bó bá ti pe ilé nírọ̀lẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ bá ní, "Ẹ sọ ohun tó dáa fún mi, ó ti rẹ̀ mí," ẹnu rẹ̀ á yọ̀. Á sọ ti omi kan láàárín ìlú tó ń tú sókè ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Á sọ ti erin tó na ọwọ́jà wọ inú ọkọ̀, tó sì jí búrẹ́dì òun gbé. Irọ́ gbuu ni, ó sì dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ń gbà á gbọ́ nígbà mìíràn. Ìyàwó á wá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó sùn.

Ẹ̀rù tó ń bà á kò ju ìyẹn náà lọ. Bí wọ́n bá dé ìlú àkọ́kọ́, tí ìyàwó rẹ̀ ní kó mú òun lọ síbi omi, ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọdún á dà nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí ló tún fẹ́ sọ lẹ́yìn náà tí obìnrin yìí máa gbà gbọ́?

Ó tò ó ṣá. Ó fi rúlà àti bírò pupa fa ọ̀nà, ó kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi epo, ibi ìsinmi, títí ọgbọ̀n ọjọ́ fi pé. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyí.

Ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Kò tilẹ̀ bọ́ bàtà tó fi lọ sídìí máàpù. Ó fi ìka tọ ìlà pupa náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dé ìlú kìíní, ìlà yí i po, ó kọjá. Ó dé ìkejì, bákan náà, bí ẹni tó ń yẹra fún ẹrẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró.

"Bàbá àwọn ọmọ, a ò wọ ìlú kankan."

"Kí lo wí?"

"Gbogbo ìlú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹ̀yìn wọn la gbà. Mọ́tò kékeré tiwa yìí, ta ló ní kó má wọ̀lú?"

Awakọ̀ wo máàpù. Òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti tọ ọ̀nà tí wọ́n là fún tírélà láìrò ó, torí kò mọ òmíràn. Ó lè sọ pé àṣìṣe ni, kó tún fi irọ́ kan lé irọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ pípa gba agbára, kò sì sí agbára lára rẹ̀ mọ́.

"Mi ò mọ inú wọn," ló wí. "Mi ò wọ ìkankan rí."

"Omi tó ń tú sókè ńkọ́?"

"Kò sí."

"Erin?"

"Orí pátákó ni."

Ìyàwó fa àga, ó jókòó. Inú bí i, kò sì fi pamọ́. "Àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ erin yẹn níléèwé, wọ́n pè wọ́n ní òpùrọ́, mo gbéra, mo lọ bá tíṣà wọn jà! Ẹnu mi yìí ni mo fi búra!"

Awakọ̀ kò lè gbójú sókè. Ojú tì í gidi.

"Ọjọ́ tí mo bí àbígbẹ̀yìn," ni ìyàwó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ ní ẹ wà níbi omi tó ń já bọ́ láti orí òkè, pé òṣùmàrè yọ lórí rẹ̀. Ibo lẹ wà?"

"Ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ wò bóyá ẹrù rẹ̀ wúwo jù. A tò síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, a ò lọ síwájú, a ò lọ sẹ́yìn. Mo gbórí lé sítíárìn, mo sunkún bí ọmọdé. Awakọ̀ ẹ̀yìn mi ló wá kan fèrèsé, ó rò pé mo ti kú."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"O ní kí n sọ ohun tó dáa."

Awakọ̀ ń retí kí ìyàwó rẹ̀ ká máàpù náà kúrò nílẹ̀, kó sì lọ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò sí ìrìn mọ́.

"Èmi náà ń dá sunkún níbí," ni ìyàwó wí. "Mo rò pé ẹ wà nínú ìgbádùn ni mi ò fi sọ. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ yẹn, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà wá?"

"Méjì, bí a bá rọra. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o. Eruku ni, àti ṣáláńgá tí kò nílẹ̀kùn."

"Ẹ mú mi débẹ̀ ná," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, ká wá wọ ìlú, ká jọ sọnù."