Ìbéèrè Ojú Fóònù

Tíṣà ṣì wà láyé nígbà náà. Káfíńtà tí ń gbé ọ̀kánkán ṣì wà, òun àti ikọ́ rẹ̀ tí ń jí gbogbo àdúgbò láràárọ̀. Ajá dúdú tí kò ní olówó ṣì wà, tí ń sùn sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé òun ló kọ́lé. Àwọn tó ti lọ nínú wọn ti pọ̀ ju àwọn tó ṣẹ́kù lọ báyìí, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, gbogbo wọn ló ń mí, Adákẹ́ sì tún fa wáyà yọ lára fóònù ìyá àgbà rẹ̀ nígbà kẹrin.

"Kò tún ṣe é," ó sọ fún kọ̀ǹpútà, kì í ṣe fún ènìyàn.

Ìyá Aránṣọ jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú bí ẹni gbé abọ́ omi gbígbóná. Wọ́n ní kó máa dì í mú, kó má jẹ́ kí iná ojú rẹ̀ kú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un nìyẹn, ó sì ń ṣe é tọkàntọkàn.

"Ta ni kò ṣe kí ni?" ó bèèrè.

Adákẹ́ kò gbọ́. Nǹkan dúdú méjì wà létí rẹ̀ tí ń kọrin fún un. Ọmọ ọmọ Ìyá Aránṣọ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tí ń jókòó sínú ilé fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti wá ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá àgbà ló sọ ọ́ ní Adákẹ́, nítorí pé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tí ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò kún ṣíbí. Ẹni méjì ló wà nílé, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ibi tó bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ Tíṣà ló bí gbogbo èyí. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Aránṣọ lóbìnrin ni Tíṣà, ọmọ ìyá kan náà, ó ń gbé ní ìlú mìíràn lọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ẹyọ ọmọ kan ni agbára bàbá wọn ká láti rán lọ sílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n lọ, ó di olùkọ́. Àbúrò dúró ti ìyá wọn, ó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ìwé tó mọ̀ kò ju nọ́ńbà ara téèpù ìwọnṣọ àti orúkọ ara rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni etí Tíṣà di pátápátá. Ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń kàwé, kò kàn gbọ́ èsì mọ́ ni. Bí àbúrò rẹ̀ bá pè é, á kí i, á ní òun wà, á ní òjò rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, á wá ní, "Mo mọ̀ pé o ń sọ nǹkan o, àbúrò mi. Ó dàbọ̀." Á sì pa á.

Adákẹ́ ti kọ́kọ́ ní kí òun máa bá a tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Tíṣà. Ìyá Aránṣọ mi orí.

"O kú iṣẹ́, ọkọ mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, kì í ṣe èyí tí à ń rán ọmọ."

Ọ̀rọ̀ náà ti pé ọdún méjìlélógún. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn ni. Ọdún méjì gbáko ni Ìyá Aránṣọ fi tọ́jú ìyá náà lórí ibùsùn, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Àkókò ìsinmi iléèwé nìkan ni Tíṣà máa ń yọjú. Bí wọ́n ti ti ibi ìsìnkú dé, Tíṣà bèèrè ibi tí wọ́n ń kó àga sí, àbúrò rẹ̀ sì dá a lóhùn níṣojú gbogbo ẹbí pé, "Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀? Ṣebí àlejò lẹ jẹ́ nílé yìí." Tíṣà wá àga náà fúnra rẹ̀, ó tò ó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí ara wọn dáadáa, tí wọ́n ń béèrè ara ọmọ, tí wọ́n ń béèrè orúnkún, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, èyí tó bọ́ lọ́jọ́ náà ṣì wà nílẹ̀, kálukú ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́dọọdún ni Ìyá Aránṣọ ń ní òun máa tọrọ àforíjì tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Ìgbà tó wá múra tán pátá, etí tí ì bá gbọ́ ti di.

Adákẹ́ kò bi í ní ọ̀rọ̀ wo ni. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó gbé áàpù kan jáde. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù tirẹ̀ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ á máa jáde lójú fóònù ẹni kejì lọ́hùn-ún ní lẹ́tà gàdàgbà. Lórí fóònù tuntun Adákẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ bí omi. Ṣùgbọ́n fóònù àtijọ́ ni ti Ìyá Aránṣọ àti ti Tíṣà, ìbejì ni wọ́n, bàbá Adákẹ́ ló rà wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Lórí méjèèjì, áàpù á ṣí, ojú á funfun báláú, yóò sì pa dé.

"Bí áàpù bá ṣubú, fóònù máa ń mọ ohun tó gbé e ṣubú," Adákẹ́ ṣàlàyé. "Inú ara rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí. Tí mo bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, màá kà á."

"Bíi ká yọjú wo ikùn aláìsàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá àgbà."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Adákẹ́ ní kó wọ ibi tí fóònù ti ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́, kó tẹ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀méje, kí fóònù lè gbà kí ẹlẹ́rọ yẹ inú rẹ̀ wò. Ó tẹ̀ ẹ́, fóònù sì kọ nǹkan.

"Ó ní ẹ ti di ẹlẹ́rọ báyìí."

"Ẹ̀ẹ̀méje péré? Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ ìránṣọ."

Wọ́n so wáyà, kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan. Adákẹ́ yí wáyà náà wò. "Ti ṣájà lásán ni èyí. Ó ń gbé iná kọjá, kò lè gbé ọ̀rọ̀."

"Àwọn ọkọ kan wà bẹ́ẹ̀," ni ìyá àgbà wí. "Wọ́n á bọ́ ọ, wọn ò ní bá ọ sọ̀rọ̀."

Adákẹ́ rẹ́rìn-ín, ó lọ wá wáyà mìíràn. Ìgbà tó dé, tó so ó, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí wáyà ṣe wọlé, àpótí funfun kan yọ lójú fóònù, ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn, ó wá dúró de èsì.

Ìyá Aránṣọ mọ irú rẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn, fóònù bi í ní nǹkan, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn olè ti ń fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí pé ó wà lórí ibùsùn nílé ìwòsàn, kí wọ́n fi owó gbà á. Bàbá Adákẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, ó bá a wí bí ẹni bá ọmọdé wí. "Ohunkóhun tí fóònù bá bi yín, Màmá, rárá ni. Ẹ ò ní láti kà á. Ti apá òsì ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀. Tí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, màá gba fóònù náà lọ́wọ́ yín."

Nítorí náà, ó tẹ ti apá òsì, àpótí náà sì lọ. Lójú rẹ̀, àwọn olè ló tún dé. Bó bá sọ ọ́, Adákẹ́ á sọ fún bàbá rẹ̀, wọ́n á gba fóònù náà, kò sì ní sí ohùn Tíṣà mọ́, kódà èyí tí kò gbọ́ èsì.

"Màmá àgbà, ṣé nǹkan kan yọ lójú rẹ̀?" Adákẹ́ bèèrè lọ́jọ́ náà, láìgbé ojú sókè.

"Kò sí nǹkan," ó dáhùn.

Irọ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ló jẹ. Adákẹ́ pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ ihò tó ń ki wáyà bọ̀, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Kọ̀ǹpútà ní òun ń rí fóònù, ṣùgbọ́n fóònù kò gba òun láyè. Adákẹ́ rò pé ọjọ́ ogbó ló dé bá fóònù náà. Ní gbogbo ìgbà tí wáyà bá wọlé, àpótí á yọ, àtàǹpàkò ìyá àgbà á ti ṣetán, á lé e lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó tilẹ̀ ń yangàn nínú ara rẹ̀ pé àwọn olè yìí kò ní rí òun mú lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ kẹta yìí ni ìyàwó ọmọ Tíṣà pè, kí wọ́n tó so wáyà rárá.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ̀gbọ́n yín ò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́ o. Bí mo ṣe gbé oúnjẹ lọ ni mò ń gbé e bọ̀. Wọ́n ní kí làwọn máa sọ̀rọ̀ sí, nígbà tó jẹ́ ohùn ara àwọn pàápàá, àwọn ò gbọ́ ọ."

"Áàpù ń bọ̀," Ìyá Aránṣọ sọ. "Sọ fún wọn pé ó ń bọ̀."

"Mo ti kọ ọ́ sí ìwé fún wọn. Wọ́n ní kó yára."

Bí Adákẹ́ ti fa wáyà yọ nígbà kẹrin nìyẹn. Ó bọ́ nǹkan dúdú létí, ó fi orí lé tábìlì. Ó pẹ́ díẹ̀, ó wá ki wáyà náà bọ inú fóònù láìgbé orí kúrò lórí tábìlì, ojú rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ gan-an. Ó rí ìmọ́lẹ̀ àpótí náà. Ó rí àtàǹpàkò tó sáré lọ sí òsì.

"Màmá àgbà. Kí lẹ tẹ̀ yẹn?"

"Kò sí."

"Mo rí i."

Ìyá Aránṣọ gbé fóònù náà sílẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ tò lórí itan, bó ti máa ń ṣe tí oníbàárà bá ní aṣọ òun fún òun jù. "Àwọn olè yẹn ni," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ń béèrè. Mi ò dá wọn lóhùn rí. Jọ̀ọ́, má sọ fún bàbá rẹ."

Adákẹ́ wò ó títí.

"Kì í ṣe olè," ó ní. "Èmi ni."

"Ìwọ wo?"

"Èmi ni mò ń bi yín. Kọ̀ǹpútà mi ló ń béèrè pé ṣé kóun lè bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀ ń sọ fún mi pé rárá."

Ojú Ìyá Aránṣọ sọ̀ kalẹ̀. Ó wo tábìlì tó wà láàárín wọn, kò gùn ju apá aṣọ méjì lọ. "Ìwọ lo wà níbí, tó ò ń bi mí? Kí ló dé tí o ò fi ẹnu bi mí?"

Adákẹ́ dìde, ó gbé àga rẹ̀ yípo tábìlì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá àgbà, ó jókòó. Ó tún so wáyà. Àpótí yọ.

"Màmá àgbà," ó fi ẹnu sọ ọ́, "ṣé kí kọ̀ǹpútà mi bá fóònù yín sọ̀rọ̀?"

"Kó bá a sọ ọ́," ni ìyá àgbà wí, ó sì tẹ ti apá ọ̀tún.

Ìlà ọ̀rọ̀ ya sójú kọ̀ǹpútà bí òjò. Kò tó ìdajì wákàtí tí Adákẹ́ fi rí i: áàpù ń wá irú lẹ́tà kan tí fóònù àtijọ́ kò ní, kò rí i, ó sì ṣubú. Ó fún un ní lẹ́tà mìíràn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó ọmọ Tíṣà ti gbé e sórí fóònù Tíṣà. Adákẹ́ wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ìyá Aránṣọ sọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Ó sọ ti ọdún méjì orí ibùsùn, ó sọ ti àga, ó sọ ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Àárẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹ kì í ṣe àlejò."

Lẹ́yìn náà ni Tíṣà sọ̀rọ̀ sókè, bí adití ti ń sọ̀rọ̀. "Mo ti kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Máàkì mélòó lẹ fún mi?"

"Mo ní láti yọ díẹ̀. O pẹ́ kó o tó mú iṣẹ́ wá." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ o gbà á. O gbà á, àbúrò mi."

Láti ìgbà náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni tiwọn. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Wọ́n sọ ti ìyá wọn, wọ́n sọ ti ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá tọrọ Tíṣà, tó wọ bàtà lódìlódì wá. Nígbà tí Ìyá Aránṣọ sọ ti ọjọ́ mẹ́ta tó fi ń lé ọmọ ọmọ rẹ̀ lójú fóònù, Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi sáré wọlé.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lógúnjọ́, Ọjọ́bọ̀ ni, Ìyá Aránṣọ ń sọ ti ìyàwó tuntun kan tó ní kóun rán aṣọ fóun bó ṣe wà nínú àwòrán, tí àwòrán ọ̀hún kò sì fi ẹ̀yìn aṣọ hàn. Tíṣà kò dáhùn. Ìyá Aránṣọ kò fura, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń tòògbé díẹ̀ ní aago yẹn. Ó ń sọ ọ́ lọ, pé òun ti gé ẹ̀yìn náà lẹ́ẹ̀mẹta láti inú orí ara òun, pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló burú, nígbà tí ohùn ìyàwó ọmọ dé.

"Ìyá Aránṣọ. Ẹ dúró ná, Màmá. Orí àga ni wọ́n wà. Fóònù wà lórí itan wọn. Wọ́n ti lọ."

Lọ́hùn-ún, ìyàwó ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Adákẹ́ ti gbọ́, ó jáde wá láti inú yàrá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ó na ọwọ́ sí fóònù láti bá a pa á.

"Má tíì pa á," Ìyá Aránṣọ wí. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu. "Ìwọ ìyàwó, nu ojú rẹ. Ibi wo lọ̀rọ̀ mi dé lójú fóònù yẹn?"

Ó pẹ́ kí ìyàwó tó lè kà á. "Ó ní, 'mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló burú.'"

"Ìkẹrin ló dáa," ni Ìyá Aránṣọ wí, rọra. "Mo fẹ́ kí èyí náà dé ojú fóònù ẹ̀gbọ́n mi."