Bóòtì Mẹ́jọ fún Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó

"Ṣé ọkọ̀ yìí ò tíì parí ni?"

Sípánà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Kò ní láti wẹ̀yìn kó tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, báàgì lápá, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Mẹkáníìkì ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ó ti bímọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí obìnrin yìí bá ti lanu, ńṣe ló ń dà bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni obìnrin náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mẹkáníìkì wọlé àna, òun ló bi í léèrè pé ìwé mélòó ló kà. Ìwé mẹ́fà ló kà. Láti ọjọ́ náà, kò tíì sọ "rárá" sí i lẹ́nu rí.

"Ó... ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Díẹ̀ wo? Ṣebí táyà mẹ́rin ni mò ń wò lára rẹ̀ yìí. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Aago kan ni wọ́n ní kí n wá gbé màmá kúrò ní ọsibítù. Àbí kí arúgbó máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nílé?"

Òótọ́ ni, táyà mẹ́rin ló wà lára ọkọ̀. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn ló ń fa wàhálà. Tuntun ni wọ́n, wọ́n fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n sì ń ha irin inú. Ẹnì kan ló sọ fún ẹ̀gbọ́n pé sípésà ni oògùn rẹ̀, àwo irin roboto tó nípọn bí ìka ọwọ́, tí wọ́n ń fi sẹ́yìn rímù kí táyà lè sún síta díẹ̀. Táyà sì sún síta lóòótọ́. Àmọ́ bóòtì tó di táyà mú kò gùn sí i. Nọ́ọ̀tì tó ń yí ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá tẹ́lẹ̀ kó tó le, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ń yí báyìí; táyà lè yọ dànù lójú títì.

Mẹkáníìkì ti mọ̀ láti àná. Ó tilẹ̀ ti ra bóòtì gígùn mẹ́jọ, ó fi bébà dì wọ́n, wọ́n wà lápò ṣòkòtò rẹ̀. Ẹnu ló kù. Láti àárọ̀ ló ti ń kó ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu, tó sì ń gbé e mì.

"Ẹ-Jẹ́-Á-Wò-Ó, sọ̀rọ̀ o!" ni rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wí. Orúkọ tí wọ́n sọ mẹkáníìkì nìyẹn, torí kò síṣẹ́ tí kì í yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. "Àna kì í gé èèyàn jẹ!"

"Ìwọ, dákẹ́."

Ohùn rewáyà kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí iná gílóòbù.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n máa lọ," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Mẹkáníìkì di jáàkì mú. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ ló ti rántí ibi tí màmá máa ń jókòó sí: ẹ̀yìn, lápá òsì, lórí táyà yẹn gan-an. Màmá ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì dáhùn pé ìwé mẹ́fà lòun kà. "Ó tó bẹ́ẹ̀," ni màmá wí, "ọkọ̀ kì í bi èèyàn ní sátífíkéètì."

Ó fi jáàkì sílẹ̀.

"Rárá," ló wí.

Òun fúnra rẹ̀ wo ọ̀tún wo òsì, bóyá ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

"O ní kí ni?"

"Mo ní... ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi ka nǹkan kan." Ó tú nọ́ọ̀tì kan, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ fọwọ́ yín yí i wọlé. Ẹ máa kà á."

Obìnrin náà wo gírísì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló gbé ìṣirò síwájú olùkọ́ tó fi sílẹ̀ láìṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Nọ́ọ̀tì dúró. "Ó ti tán?"

"Ó ti tán. Mẹ́wàá ló yẹ. Bó ti wù kó burú tó, méje."

Ẹ̀gbọ́n tún gbìyànjú láti yí nọ́ọ̀tì náà, kò mì.

"Nílé ìwé mi," ló wá wí, "ọmọ tó bá gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá, a kì í gbé e lọ kíláàsì tó kàn."

"Èyí náà ò gbọdọ̀ dé títì, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ látàárọ̀?"

Mẹkáníìkì wo ilẹ̀. "Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rewáyà. Ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Ẹ̀gbọ́n wo ọkọ àbúrò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, lòun náà bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wákàtí mélòó?"

"Méjì, bí mo bá rẹ́ni bá mi di irin mú."

Ó gbé báàgì ka orí tábìlì iṣẹ́, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Irin dà?"

Mẹkáníìkì fi òòlù lu bóòtì àtijọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti tuntun bọ inú ihò láti ẹ̀yìn, ó to wásà, òrùka irin pẹlẹbẹ, lé e lórí, ó wá ń fi nọ́ọ̀tì fà á wá síwájú díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ fi jókòó. Ẹ̀gbọ́n ló ń fi irin gígùn há ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó má bàa yí. Lórí ìkarùn-ún, irin yọ̀.

"Dì í mú dáadáa jàre!" ni mẹkáníìkì jágbe.

Ó jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n, kò sì fi "ẹ" sí i.

"Mo ti dì í mú," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. "Máa fà á lọ."

Aago kan kọjá, fóònù dún. Màmá ni.

"Ẹ ṣe sùúrù, màmá. Ọkọ àbúrò mi ló ní kí n dúró."

Ohùn màmá ròkè débi pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ọ: "Ó ti wá lẹ́nu báyìí? Ẹ ṣé o! Kó máa ṣe é lọ, oúnjẹ ni mò ń jẹ."

Nígbà tí táyà padà sáyè rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wọlé, ó tan ọkọ̀. Ilẹ̀kùn kejì ṣí, mẹkáníìkì jókòó tì í, sípánà lórí itan.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń bá yín lọ. Bóòtì tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́. A gbọ́dọ̀ tún un fún kí màmá tó wọlé."

Ẹ̀gbọ́n ń wa ọkọ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́, kò dúró mí. Wọ́n kọjá afárá, wọ́n kọjá ilé epo. Iwájú díẹ̀ báyìí ni géètì ọsibítù wà, ó ti ń hàn.

"Ẹ dúró níbí," ni mẹkáníìkì wí.

Ẹ̀gbọ́n tan iná ẹ̀gbẹ́, ó sì yà sẹ́bàá títì láìbi í ní ìdí.