Rọ́bà Tó Léfòó

Láti ìgbà tí Agnes ìyàwó rẹ̀ ti kú ni kíṣìnì ẹ̀yìnkùlé Tíṣà Adédìpẹ̀ ti wà ní títì pa. Inú pálọ̀ ló ti ń se ìwọ̀nba oúnjẹ tó ń jẹ. Nígbà tí Nàfísátù wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó ní, "Bàbá, ibi tó tutù tí oòrùn kì í dé ni mò ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní kíṣìnì Màmá," Tíṣà yíjú wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ Àáfà tó múlé tì í ni Nàfísátù. Tíṣà ló kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi. Ọmọ náà ti wá di onímọ̀ kẹ́mísírì báyìí, ọ̀nà tí yóò fi fọ oje rọ́bà mọ́ ló sì ń wá.

"Kí ló dọ̀tí lára rọ́bà?" Tíṣà bi í.

"Ìdọ̀tí rẹ̀ kì í ṣe ti ojú, Bàbá. Purotéènì igi wà nínú rẹ̀. Igi nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ara ẹlòmíràn kì í gbà á. Ẹ ò rí Kareemah?"

Kareemah ni àbúrò Nàfísátù, agbẹ̀bí ló sì ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan nínú ìlú. Bó bá ti wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ọwọ́ rẹ̀ a wú, a pọ́n, a máa yún un bí ẹni tó fọwọ́ kan wèrèpè. Láìpẹ́ yìí, èémí rẹ̀ náà ti ń há. Irú ìbọ̀wọ́ tí kò ní rọ́bà nínú kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn. Mátírọ́ọ̀nù sì ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí Kareemah kò tíì rí ìbọ̀wọ́ tí ara rẹ̀ gbà, ibi tí wọ́n ti ń kọ káàdì fún aláìsàn ni yóò máa jókòó sí. Bẹ́ẹ̀, Kareemah kò mọ iṣẹ́ mìíràn tó dùn mọ́ ọn tó kí ọmọ tuntun bọ́ sí i lọ́wọ́.

Tíṣà wo ilẹ̀. Agbẹ̀bí ni Agnes náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, Tíṣà ló máa ń fi òrí pa ọwọ́ rẹ̀ tó ń yún un, tí àwọn méjèèjì á máa bú ọṣẹ ilé ìwòsàn. Wọn kò mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ ni. Agnes fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kò sì ṣàròyé.

Tíṣà dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Igi rọ́bà wà lóko rẹ̀ lọ́nà Kuta. Ó dá oje wọn, ó gbé e wálé, Nàfísátù sì fi amóníà díẹ̀ sí i kó má baà dì. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà gun àga lọ sídìí ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé, ó fi ẹ̀là ọparun ha àwọn dúdú tí kò tíì pọ́n lára. Oje funfun ń kán tó, tó, sínú abọ́ kékeré.

"Bàbá, tí ẹran bá gbó jù, kí ni wọ́n máa ń fi dì í kó tó dórí iná?"

"Ewé ìbẹ́pẹ ni. Ìyá mi kì í fi ohun mìíràn dì í."

"Ẹ́ńsáìmù inú oje ìbẹ́pẹ ló ń rọ ẹran yẹn. Purotéènì ló ń gé wẹ́wẹ́. Tí mo bá sẹ́ ẹ mọ́ dáadáa, tí mo dà á sínú oje rọ́bà, á gé purotéènì ibẹ̀, kò ní fi ehín kan rọ́bà fúnra rẹ̀."

Tíṣà dúró, ó ń wo igi tó ti ń jẹ èso rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ọlọ́run tó fi ẹ̀gún sínú igi kan ló fi abẹ́ sínú èkejì, ó sì jókòó, ó ń retí ọmọ tí yóò rí i. Ó rò ó bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀. Orí rẹ̀ wú fún ọmọbìnrin náà.

Nígbà tí ẹ́ńsáìmù parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ku kí wọ́n yọ àwọn purotéènì tó ti gé kúrò. Nàfísátù po ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi koríko inú òkun ṣe mọ́ oje náà nínú garawa, kí omi àti rọ́bà lè ya ara wọn. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, igi rọ́bà ti wọ́wé, kò sí oje mọ́. Bí ti inú garawa yìí bá bàjẹ́, òjò àkọ́rọ̀ yóò dé kí igi tó ní oje mìíràn.

Nàfísátù ní láti lọ sí Ilé-Ogbó, lọ gba ọwọ́ amọ̀ tó ní kí amọ̀kòkò kan mọ fún òun, èyí tí wọn yóò máa tẹ̀ bọ inú oje. Ó sọ fún Kareemah pé, "Tó bá ti pín sí méjì, yọ omi ìdọ̀tí kúrò, da omi mímọ́ sí èyí tó kù, kó o rò ó."

Kareemah ṣí garawa. Ohun funfun kan bo ojú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi di abọ́ mú."

"Ṣé ó dá ọ lójú pé èyí ni ìdọ̀tí?"

"Èyí tó wà lókè ni à ń yọ, Bàbá. Àbí ẹ ti rí ògì tó léfòó rí?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ọmọ ológì." Ìyá wọn ló ń ta ògì tí Tíṣà ń mu láràárọ̀, ògì kì í sì í sí níbòmíràn ju ìsàlẹ̀ lọ. Ó di abọ́ mú. Kareemah bu tòkè kúrò tán, ó da omi sí tìsàlẹ̀, ó rò ó.

Nàfísátù dé, ó ki ṣíbí bọ inú garawa. Ó tún kì í bọ̀ ọ́.

"Kareemah, rọ́bà dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀."

"Omi lásán nìyí! Rọ́bà fúyẹ́ ju omi lọ, òkè ló ń gòkè sí bí ọ̀rá wàrà. Kí lo ṣe tòkè?"

Kareemah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tíṣà sún mọ́ wọn.

"Èmi ni mo bá a di abọ́ mú," ó ní.

"Bàbá, ẹ dákẹ́ ná. Kareemah, ṣé o dà á nù ni?"

Omijé ti bo ojú Kareemah, síbẹ̀ ó bínú sí ìbéèrè náà. "Ta ló ń da omi ògì nù nílé wa? Kí ni Màmá á fi rẹ àgbo? Mo dé e pa sábẹ́ bẹ́ǹṣì níbẹ̀ yẹn."

Nàfísátù fò dé ìdí bẹ́ǹṣì, ó ṣí abọ́. Rọ́bà wà níbẹ̀, ó ki, ó funfun báláú, ẹ̀kán kan kò dànù. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di ògiri mú.

"Àlùhámúdù lílàhì! Gbogbo ìgbátí tí Màmá gbá wa nítorí omi ògì, mo ti dárí jì wọ́n."

"Ti ara tìẹ ni kó o dárí jì," Kareemah ní, ó ń nu imú. "Tèmi ṣì ń dùn mí."

Nàfísátù tún rọ́bà náà fọ̀ bó ṣe yẹ, ó sì fi aró ìdánwò kan tó ń fi purotéènì hàn sí i. Lára oje tí wọn kò fọ̀, aró náà di búlúù kíá. Lára èyí tí wọ́n fọ̀, kò yí padà. Tíṣà wò ó títí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, àtàǹpàkò rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, níṣojú dókítà, wọ́n kọ́kọ́ lẹ ègé rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ Kareemah. Nígbà tí ibẹ̀ kò wú, dókítà ní kó wọ odindi. Kareemah wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìrun àìlá, ó ń fi fọ abọ́, ó ń fi ká aṣọ ọmọ, Tíṣà àti Nàfísátù sì jókòó tì í títí alásàrì fi kù díẹ̀.

Mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ló bọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ Kareemah lọ sójú fèrèsé, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò pọ́n. Kò lé.

"Ọ̀dọ̀ àwọn aboyún lo máa wà," ó ní. "Ẹ ṣe sí i, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò."

Kareemah dojú bolẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò kúrò lójú fèrèsé. Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Ó wá rọra ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ara rẹ̀ ti bó, ó ti le bí èèpo igi.

"Nàfísátù," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "ọwọ́ tèmi tóbi ju ti Kareemah lọ o."